Bí Ẹ̀rù Iwin Ṣe Di Eré: Ìtàn fún Ẹni tí Yóò Darí Ìrìnkèrindò Ilẹ̀ Iwin

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí ó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni à ń fi í rín. Bí ọ̀rọ̀ iwin ti rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Skọ́tlándì àti ní Áyálàńdì nìyí. Ohun tí àwọn baba ńlá wọn kò jẹ́ dárúkọ ní gbangba ni àwọn ọmọ ọmọ wọn ń fi ṣe eré lórí tábìlì ní alẹ́, tí wọ́n ń ta dáìsì sí i, tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ọjọ́ kan ṣoṣo ni ẹ̀rù di eré. Ìrìn àjò gígùn ni, ẹ̀mí sì sọnù lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ láti darí wọn lọ sí ilẹ̀ iwin nínú eré, ó yẹ kí ó mọ ọ̀nà tí iwin gbà dé orí tábìlì rẹ̀. Abèèrè kì í ṣìnà.

Eré tí a ń wí yìí kò jọ ayò ọlọ́pọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kò jọ lúdò. Ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún ni yóò jókòó yí tábìlì ká. Ọ̀kan nínú wọn ni adarí eré: òun ni ó ń sọ bí ìlú àti igbó ti rí, òun ni ó ń fọhùn fún ọba, fún ọ̀tá àti fún àlejò ojú ọ̀nà, òun náà ni ó sì ń ṣe ìdájọ́. Ní ti àwọn yòókù, olúkúlùkù ti gba ẹ̀dá kan, ìbáà ṣe ọdẹ, oníṣègùn, olè tàbí ọmọ ọba, ó sì ń sọ ohun tí ẹ̀dá náà ṣe. Níbi tí kò bá ti dájú pé ohun tí ó dáwọ́ lé yóò bọ́ sí i, dáìsì ni yóò dáhùn. Nígbà tí irú eré bẹ́ẹ̀ bá kọjá alẹ́ kan, tí àwọn ẹ̀dá kan náà ń bá ìrìn wọn lọ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, bóyá fún odidi ọdún, kò sí orúkọ tí ó yẹ ẹ́ ju èyí tí Fágúnwà ti mú kí ó mọ́ òǹkàwé Yorùbá lẹ́nu lọ: ìrìnkèrindò.

Ọ̀rọ̀ náà, iwin, pẹ̀lú fẹ́ àlàyé díẹ̀. Láti ìgbà tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti jáde ní 1938 ni òǹkàwé Yorùbá ti ń bá iwin, ẹbọra àti egbére pàdé lójú ìwé. Àwọn iwin ilẹ̀ òkèèrè tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí kì í ṣe ọmọ ìyá wọn. Ìdílé mìíràn ni wọ́n, wọ́n sì ní òfin tiwọn. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá mìíràn tí ó tún súnmọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀.

Bí Eré Náà Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Eré yìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ó fẹ́ràn iwin. Ọ̀dọ̀ àwọn jagunjagun ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1812, ọ̀tọ̀kùlú kan ní ilẹ̀ Prọ́ṣíà tí ń jẹ́ von Reisswitz fi eré ogun kan tí ó ṣe han ọba ilẹ̀ náà. Ọmọ rẹ̀, tí í ṣe ọmọ ogun, tún un ṣe, ó sì tẹ òfin rẹ̀ jáde ní 1824. Àwòrán ilẹ̀ ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀; àwọn ègé kéékèèké ni ó dúró fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Ìhà méjì ni ó ń jagun, ṣùgbọ́n ìhà kan kò gbọdọ̀ rí gbogbo ohun tí èkejì ń ṣe. Wọn a kọ àṣẹ wọn sínú ìwé, wọn a fi fún adájọ́ eré. Adájọ́ a ta dáìsì, a sì sọ fún olúkúlùkù ohun tí ojú rẹ̀ lè tó. Adájọ́ yìí nìkan ni gbogbo ojú ogun hàn sí.

Kò pẹ́ tí òfin eré náà fi di ẹrù. Ní 1876, ọ̀gágun Verdy du Vernois kọ̀wé pé kí wọ́n dín òfin kù, kí wọ́n jẹ́ kí ìmọ̀ àti ìrírí adájọ́ rọ́pò rẹ̀. Èrò yìí kò kéré rárá. Ó túmọ̀ sí pé ẹni tí ó jókòó sí àárín lè gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun fẹ́ ṣe, kí ó gbé e yẹ̀ wò, kí ó sì dáhùn, bí ìwé òfin kò tilẹ̀ mẹ́nu kàn án. Ní 1880, Totten, tí í ṣe ọmọ ogun ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tẹ ìwé Strategos jáde, nínú èyí tí agbára adájọ́ fẹ̀ gidigidi.

Ìwé Totten yìí ni David Wesely, ọ̀kan nínú àwọn tí ń ta eré ogun ní ìpínlẹ̀ Minnesota, kà ní àwọn ọdún 1960. Ní ìparí àwọn ọdún náà ni ó ṣètò eré kan tí ó pè ní Braunstein, ní ìlú àròsọ kan ní ilẹ̀ Jámánì nígbà ogun Napoleon. Kò fi mọ sórí fífi ọ̀gágun méjì jagun. Ó sọ ẹnìkan di olórí ìlú, ó sọ ẹlòmíràn di oníbáńkì, ó sì fún olúkúlùkù ní ohun tí ó ń wá. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ènìyàn ti ń fa ara wọn sí kọ̀rọ̀, wọ́n ń dìtẹ̀, wọ́n ń ṣe àdéhùn, wọ́n ń dalẹ̀. Wesely rò pé eré náà ti dàrú mọ́ òun lọ́wọ́. Àwọn tí ó bá a ṣe é ní tiwọn ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tún ṣe òmíràn.

Dave Arneson wà nínú ẹgbẹ́ wọn. Ní 1971 ó bẹ̀rẹ̀ ìrìnkèrindò tirẹ̀, Blackmoor, tí ó ní ààfin kan àti ihò jíjìn lábẹ́ rẹ̀. Ní ọdún kan náà, Gary Gygax ti ìlú Lake Geneva ní Wisconsin, àti Jeff Perren, tẹ òfin ogun ayé àtijọ́ kan jáde, èyí tí ń jẹ́ Chainmail, tí ó ní apá kan fún àwọn ẹ̀dá inú ìtàn. Òfin Gygax àti ìṣe Arneson ni ó pàdé. Ní oṣù kìíní ọdún 1974, ilé-iṣẹ́ TSR, tí Gygax àti Don Kaye dá sílẹ̀ ní 1973, tẹ Dungeons & Dragons jáde: ìwé pẹlẹbẹ mẹ́ta nínú àpótí kan, ẹ̀dà 1,000 péré.

Ìrẹ́pọ̀ wọn kò tọ́jọ́. Ní 1979, Arneson gbé ọ̀rọ̀ owó àti orúkọ rẹ̀ lọ sí ilé-ẹjọ́, nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà ń tẹ àwọn ìwé tuntun láìfi tirẹ̀ kún un. Ní 1981 ni wọ́n yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn. Ẹjọ́ náà fi ohun kan hàn tí ó kan gbogbo ẹni tí ń ṣètò eré yìí. Òfin ṣeé kọ sínú ìwé, ẹni tí ó bá kọ ọ́ ni a ó sì rí orúkọ rẹ̀ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n adájọ́, bí ó ti ń gbọ́ tí ó sì ń dáhùn, kò ṣeé dì sínú àpótí. Ilẹ̀ iwin ni a ó ti rí i pé ọgbọ́n yìí ju òfin lọ.

Iwin Kí Ó Tó Di Eré

Robert Kirk jẹ́ àlùfáà ìjọ ní Aberfoyle ní Skọ́tlándì. Ní nǹkan bí 1691, ó kọ ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn aríran àdúgbò rẹ̀ nípa iwin sílẹ̀. Kò fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ó ní ẹ̀dá tí ó wà láàárín ènìyàn àti áńgẹ́lì ni wọ́n, wọ́n ní ìlú, wọ́n ní ìjọba, wọ́n ń bí, wọ́n sì ń kú. Ó kú ní 1692. Àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ń sọ pé kò kú, pé àwọn iwin inú òkè tí ó wà nítòsí ilé rẹ̀ ni ó mú un lọ nítorí pé ó tú àṣírí wọn. Ìwé rẹ̀ kò di títẹ̀ títí di 1815.

Àwọn tí ó gbé ayé ìgbà Kirk kò jẹ́ pe iwin ní iwin. Àwọn Ènìyàn Rere ni wọ́n ń pè wọ́n, tàbí Àwọn Aládùúgbò Rere, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá kì í ti í dárúkọ Ṣànpọ̀nná lásán, tí wọ́n ń pè é ní Ilẹ̀ẹ́gbóná. Òfin tí wọ́n mọ̀ nípa wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó le. Ẹni tí ó bá jẹ oúnjẹ wọn lè má padà wálé mọ́. Irin a máa lé wọn. Àkókò wọn kì í ṣe àkókò wa: ènìyàn lè jó fún alẹ́ kan lọ́dọ̀ wọn, kí ó sì padà bá àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ nílé. Àdéhùn tí a bá bá wọn dá, bí ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu gan-an ni wọn yóò gbà á. Èyí tí ó sì burú jù lọ ni pé wọ́n lè jí ènìyàn gbé, pàápàá ọmọ ọwọ́ tàbí obìnrin, kí wọ́n sì fi àrọ́pò tí ó jọ ọ́ sílẹ̀ lórí ibùsùn.

Ohun tí ìgbàgbọ́ ìkẹyìn yìí lè fà hàn ní oṣù kẹta ọdún 1895, ní abúlé Ballyvadlea, ní agbègbè Tipperary ní Áyálàńdì. Bridget Cleary, obìnrin aránṣọ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 26, dùbúlẹ̀ àìsàn. Dókítà wá a, àlùfáà náà sì wá a. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀, Michael Cleary, sọ pé obìnrin tí ó wà lórí ibùsùn kì í ṣe ìyàwó òun, àrọ́pò ni àwọn iwin fi sílẹ̀. Wọ́n fi ipá fún un ní àgbo mu. Wọ́n gbé e sórí ààrò. Wọ́n sì ń bi í léèrè lójú bàbá rẹ̀ àti àwọn ìbátan rẹ̀ bóyá òun ni Bridget ní tòótọ́. Ó dáhùn pé òun ni. Ìdáhùn rẹ̀ kò tẹ́ ọkọ rẹ̀ lọ́rùn. Ní alẹ́ ọjọ́ 15 oṣù kẹta, ó sun ún. Lẹ́yìn náà ni ó lọ ń ṣọ́ òkìtì àwọn iwin ní òru, ó ní ìyàwó òun tòótọ́ yóò gun ẹṣin funfun jáde. Kò sí ẹṣin tí ó jáde. Wọ́n rí òkú Bridget ní ọjọ́ 22 oṣù náà nínú sàréè tí kò jìn. Ilé-ẹjọ́ dá ọkọ rẹ̀ lẹ́bi ìpànìyàn tí kì í ṣe àmọ̀ọ́mọ̀ṣe, ó sì gba ẹ̀wọ̀n 20 ọdún.

Àwọn ìwé ìròyìn kan fi ọ̀ràn náà ṣe ẹ̀rí pé àwọn ará Áyálàńdì kò tíì tó ṣe ìjọba ara wọn. Ọdún 25 lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó rín in. Ní 1917, ọmọbìnrin méjì, Elsie Wright àti Frances Griffiths, ya fọ́tò ní Cottingley nítòsí Bradford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó fi iwin kéékèèké abìyẹ́ hàn. Arthur Conan Doyle, ẹni tí ó dá Sherlock Holmes sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè tàn jẹ, gba fọ́tò náà gbọ́. Ó tẹ̀ wọ́n jáde nínú ìwé ìròyìn Strand ní oṣù kejìlá ọdún 1920, ó sì kọ odidi ìwé lé wọn lórí ní 1922. Ní 1983, nígbà tí wọ́n ti di arúgbó, àwọn obìnrin méjèèjì jẹ́wọ́ pé páálí tí àwọn gé ni, tí àwọn sì fi abẹ́rẹ́ fìlà gbé dúró.

Iwin Cottingley kò jọ iwin Kirk. Iwin ti kéré. Láti ìgbà Shakespeare, ní àwọn ọdún 1590, ni àwọn akéwì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi wọ́n ṣe ẹ̀dá tí ó lè wọnú òdòdó. Drayton fi kún un ní 1627. Lẹ́yìn náà ni àwọn ayàwòrán fi ìyẹ́ sí wọn lára. J. R. R. Tolkien ráhùn nípa èyí nínú àkànṣe ọ̀rọ̀ tí ó sọ ní Yunifásítì St Andrews ní 1939. Ní tirẹ̀, ohun tí ó ṣe pàtàkì nínú ìtàn iwin ni ilẹ̀ eléwu tí ènìyàn ń rìn wọ̀; títóbi tàbí kíkéré iwin kọ́ ni kókó.

Iwin Lórí Tábìlì

Iwin ti wà nínú eré yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Chainmail ti 1971 to wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn ẹ̀dá inú ìtàn yòókù, àwọn ìwé pẹlẹbẹ 1974 sì ní díẹ̀ nínú wọn láàárín àwọn abàmì ẹ̀dá. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni wọ́n fi hàn wọ́n: bí ara wọn ti le tó, bí wọ́n ti yára tó, iye ọgbẹ́ tí ó lè pa wọ́n. Ohun tí ó bá ti ní nọ́ńbà ikú, idà lè pa á. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dá tí àwọn ará abúlé kò jẹ́ dárúkọ ṣe di ẹran ìdọdẹ.

Síbẹ̀ ẹ̀rù kò lọ tán. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn òbí kan ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé eré náà ń fa àwọn ọ̀dọ́ sínú awo ẹ̀mí èṣù. Ariwo náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àtúntẹ̀ 1989 fi yọ orúkọ ẹ̀mí èṣù kúrò nínú ìwé. Ohun tí ó ti di eré tún fẹ́ di ẹ̀rù padà.

Ìyípadà dé ní ti iwin fúnra rẹ̀. Ní 1995, ilé-iṣẹ́ White Wolf tẹ Changeling: The Dreaming jáde, nínú èyí tí àwọn olùkópa fúnra wọn jẹ́ iwin nínú ara ènìyàn. Ní 2008, Dungeons & Dragons fún iwin ní ayé tiwọn, Feywild. Ní 2021, odidi ìrìnkèrindò ilẹ̀ iwin kan jáde, The Wild Beyond the Witchlight, tí a ṣètò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn olùkópa lè ti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìja ìjà kan. Lẹ́yìn ọdún 47, iwin kúrò lábẹ́ idà, ó padà sí ìdí àdéhùn tí Kirk ti bá a.

Ohun tí Ìtàn Kọ́ Adarí Eré

Ẹ̀kọ́ kìíní ni pé kí adarí gbé òfin kalẹ̀ kí ó tó ya àwòrán ilẹ̀. Igbó tí ó lẹ́wà kò tó láti jẹ́ ilẹ̀ iwin. Òfin mẹ́ta tí kì í yẹ̀ sàn ju ọgbọ̀n ìlú lọ. Bí ayaba iwin kan bá ka gbogbo ọpẹ́ sí gbèsè, kí ó rí bẹ́ẹ̀ ní alẹ́ àkọ́kọ́, kí ó sì rí bẹ́ẹ̀ ní alẹ́ ogún. Kí àwọn olùkópa lè mọ òfin náà nípa ìṣẹ̀lẹ̀, kí wọ́n sì lè lò ó lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n. Òfin tí ó ń yí padà bí ó ti wu adarí kì í ṣe òfin iwin, ìrẹ́jẹ ni.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé kí a kọ gbogbo ìlérí sílẹ̀. Dáìsì ni ọba nínú eré ogun, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ iwin, ẹyin lohùn: bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ó ń fọ́. Kí adarí ní ìwé kékeré kan tí yóò máa kọ ọ̀rọ̀ tí olùkópa bá sọ fún iwin sí, bí ó ti sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Bí ọdẹ kan bá ṣèlérí ohun àkọ́kọ́ tí yóò kí i nílé, ajá lè jẹ́ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì lè ṣáájú ajá jáde.

Ẹ̀kọ́ kẹta jẹ mọ́ àkókò. Kàlẹ́ńdà méjì ni ó yẹ kí ó wà lọ́wọ́ adarí, ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún ilẹ̀ iwin. Kí ó pinnu ṣáájú iye oṣù tí alẹ́ kan níbẹ̀ ń gbà nílé, kí ó sì kọ ohun tí yóò ti yí padà sílẹ̀: ta ni ó kú, ta ni ó gbéyàwó, oko ta ni ó di igbó. Ìgbà tí olùkópa bá padà délé ni yóò mọ iye tí ìrìn náà ná an.

Ẹ̀kọ́ kẹrin ni ti Braunstein. Kí adarí má kọ òpin ìtàn. Kí ó dá ẹ̀dá mẹ́fà tàbí méje, kí ó mọ ohun tí olúkúlùkù ń fẹ́ àti ohun tí ó ń bẹ̀rù, kí ó sì fi wọ́n sílẹ̀ láti pàdé. Ohun tí Wesely rò pé ó dàrú ni ó di gbòǹgbò gbogbo eré yìí.

Ẹ̀kọ́ ìkẹyìn ni ó wúwo jù. Kò sí ìtàn iwin tí ó wu adarí eré bí ìtàn àrọ́pò: ẹnìkan nínú ilé kì í ṣe ẹni tí a rò, ìfura sì kún inú yàrá. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n obìnrin kan kú nípa rẹ̀. Ẹni tí yóò bá lò ó, kí ó kọ́kọ́ bi àwọn olùkópa léèrè ní ìpàdé ìṣáájú bóyá wọ́n fẹ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀, kí ó sì gba ìdáhùn wọn. Nítorí àìsàn, ikú ọmọ ọwọ́ àti ìyà inú ilé lè wà nínú ìtàn ẹni tí ó jókòó sí tábìlì. Kí ó jẹ́ kí ẹni tí a fura sí ní ohùn, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ní ìwúwo. Kí ó jẹ́ kí ẹni tí ó ṣe tán láti lo iná mọ̀ pé òun lè ṣì í.

Nítorí nínú eré, ìdáhùn ń bẹ. Adarí mọ̀ bóyá àrọ́pò ni tàbí ènìyàn. Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ kí alẹ́ tó lẹ́. Ní Ballyvadlea kò sí adájọ́ tí gbogbo ojú ogun hàn sí. Obìnrin kan wà lórí ibùsùn, ó ń sọ orúkọ ara rẹ̀, àwọn tí ó yí i ká sì ń ṣe bí ẹni pé ìwé náà wà lọ́wọ́ wọn. Adarí tí ó bá ń rántí èyí yóò ṣì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé ibi tí ẹnìkan nínú ìtàn yóò béèrè pé, "Ṣé ìwọ ni?", yóò dá dáìsì dúró díẹ̀, yóò sì jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ìdáhùn.